Ìrora Tí Kò Ju Mẹ́ta Lọ

Maren Kangas, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, purọ́ fún obìnrin tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀, eegun itan rẹ̀ sì kán lójú ìyá rẹ̀ níbi ìdíje.

Kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ní ìparí ìgbà ooru, nínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú Salo. Ọmọbìnrin márùn-ún ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn márùn-ún yìí ni gbogbo ẹgbẹ́ eré ìje ọ̀nà jíjìn ti àwọn obìnrin. Salo ti kéré. Láti ìgbà tí wọ́n ti pa ibi ìwakùsà bàbà tì, ìdílé kan ń lọ lónìí, òmíràn ń lọ lọ́la, kíláàsì sì ń sófo. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú eré yìí, ipò ẹni márùn-ún ni wọ́n ń kà pọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá mú mẹ́rin wá kò mú ẹgbẹ́ wá. Àwọn ọmọ rẹ̀ lè sáré tiwọn, wọn ò ní ka ilé ẹ̀kọ́ wọn mọ́ àwọn tó díje.

Kóòṣì Pelto, tó ń kọ́ni níṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní ojúmọmọ tó sì ń kọ́ni léré ní ìrọ̀lẹ́, mú Corinne Niemi wá láti bá wọn sọ̀rọ̀. Corinne kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti tọ́jú iṣan àti oríkèé tí iṣẹ́ tàbí eré ti mú rẹ̀, kó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kó fi ìdárayá tún un ṣe. Àwọn agégẹdú ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ nítorí ẹ̀yìn wọn, àwọn ìyá àgbà ń lọ nítorí orúnkún, àwọn ọmọ tó ń sáré sì ń lọ nítorí ojúgun àti gìgísẹ̀. Kì í rẹ́rìn-ín lásán.

"Ẹsẹ̀ tó ń sáré lójoojúmọ́ máa ń dùn," Corinne sọ fún wọn. "Irú ìrora kan wà, iṣan ló ń ráhùn pé ẹ ti lo òun jù. Ìyẹn máa ń lọ tẹ́ ẹ bá tọ́jú ẹ̀. Òmíràn wà, eegun ló ń là. Ìyẹn kì í lọ tẹ́ ẹ bá ń sáré lé e lórí. Ẹ ò lè fojú dá wọn mọ̀. Nígbà míì, èmi náà ò lè fojú dá wọn mọ̀. Nítorí náà, ẹ máa fún un ní nọ́ńbà. Òdo ni pé kò dùn rárá. Mẹ́wàá ni èyí tó burú jù lọ. Tó bá jẹ́ mẹ́ta, tàbí tí kò tó mẹ́ta, tí kò sì le sí i tílẹ̀ bá mọ́, ẹ lè sáré. Tó bá ti di mẹ́rin, ẹ dúró, kẹ́ ẹ wá bá mi."

Delaney Ruona, olórí ẹgbẹ́, nawọ́. "Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti di mẹ́rin?"

"Ẹ máa sọ fún mi ni."

"Tá ò bá sọ ńkọ́?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Corinne ò bá wọn rín in.

"Á jẹ́ pé mi ò ní mọ̀ nìyẹn," ó dáhùn. "Mi ò ní ẹ̀rọ tó ń wọn ìrora. Kò sẹ́ni tó ní in. Ẹnu yín nìkan ni mo ní."

Kò pẹ́ tí nọ́ńbà náà fi di àwàdà. Ina Sippola, tó kéré jù nínú wọn, ki ẹsẹ̀ bọ inú garawa omi dídì lẹ́yìn eré, ètè rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Kóòṣì ń kọjá, ó ní, "Ina, báwo lẹsẹ̀?" Ina ní, "Mẹ́ta ni, Kóòṣì." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́kùnrin Delaney kọ̀ ọ́ sílẹ̀ níwájú ilé tí wọ́n ti ń ta áísìkirimù. Wọ́n bi í bó ṣe rí lára rẹ̀. Ó ní mẹ́ta. Wọ́n ṣe ìdánwò ìṣirò, ó le bí òkúta. Wọ́n jáde, wọ́n ń wo ojú ara wọn.

"Tìẹ ńkọ́?"

"Mẹ́ta."

"Òpùrọ́. Mo rí ọ tó ò ń sunkún sórí ìwé."

"Ẹkún mẹ́ta ni."

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sẹ́ni tó tún sọ mẹ́rin mọ́ láàárín wọn. Mẹ́rin ti di ọ̀rọ̀ ojo. Bí ẹnìkan bá ń ráhùn, wọ́n á ní, "Mẹ́rin ti dé o, ẹ gbé àga fún un." Kóòṣì Pelto gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ń kọ́ni léré ní Salo, kò tíì kó ẹgbẹ́ obìnrin kankan dé ìdíje ìpínlẹ̀ rí. Ọgbọ́n ni àwọn ọmọ náà pe ohun tí wọ́n ń ṣe yẹn. Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì.

Maren kọ́ ló yára jù. Òun ló gbẹ́yìn nínú àwọn márààrún. Èyí gan-an ni kò jẹ́ kó sinmi. Bí Delaney bá ti sáré dé, tó ti mu omi, tó ti wọ aṣọ òtútù, wọ́n á ṣì máa dúró de Maren kí wọ́n tó mọ iye tí ẹgbẹ́ ní. Kò sẹ́ni tó bú u. Wọ́n kàn máa ń dúró létí okùn ibi tí eré parí sí, tí wọ́n ń wo ojú ọ̀nà.

Nítorí náà, láti ìparí ìgbà ooru yẹn lọ, ó fi eré kún eré. Corinne ti sọ pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un, kí eegun lè ráyè le. Maren ò gba díẹ̀díẹ̀. Àárọ̀ ló ń sá, ìrọ̀lẹ́ ló tún ń sá, lójú ọ̀nà tó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ púpọ̀, tó lọ sétí adágún ńlá tí wọ́n ń pè ní Superior. Ó gbọ́ pé ẹni tó bá fúyẹ́ ló ń yára, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ sílẹ̀. Páì ẹran àti ọ̀dùnkún tí ìyá rẹ̀ ń yan, ó máa ń jẹ etí rẹ̀, á fi inú rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó yá, nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró. Inú rẹ̀ dùn sí i, ó ní wàhálà kan ti kúrò. Kò mọ̀ pé ara tí ebi bá mú kó dáwọ́ ìyẹn dúró ti ń jẹ eegun ara rẹ̀. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ìrora dé sí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, nínú lọ́hùn-ún, níbi tí itan ti pàdé ikùn. Ó dà bí ìgbà tí eyín bá ń dunni. Lákọ̀ọ́kọ́, ìgbà tó bá ń sáré sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nìkan ló máa ń dùn ún. Lẹ́yìn náà, ó ń dùn ún lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Lẹ́yìn náà, ó ń dùn ún tó bá fẹ́ dìde lórí ibùsùn.

Delaney kọ́kọ́ rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì.

"Ò ń tiro."

"Mi ò tiro."

"Maren, mo lójú. Mélòó ni?"

Maren wo ilẹ̀. "Mẹ́ta."

Ọmọ tó gbọ́n ni Delaney, ó mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe mẹ́ta. Ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnìkan ń gbọ́, lẹ́yìn náà ó ní, "Tó bá jẹ́ mẹ́ta, rìn bí ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ mẹ́ta. Máa bọ̀ lẹ́yìn mi, kí Kóòṣì má rí ọ." Wọ́n rìn díẹ̀. "Láti kíláàsì àkọ́kọ́ ni mo ti ń sá eré yìí. A ò pé rí. Ọdún yìí la pé, mo sì ń jáde lọ́dún yìí. Mi ò ní kó o ṣe nǹkan kan o. Mo kàn ń sọ fún ọ ni."

"Mo mọ̀," Maren wí.

Ṣùgbọ́n Kóòṣì Pelto ti rí i. Ó pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kò ní sáré mọ́ àfi tí Corinne bá sọ pé kó sáré. Ó ṣe ohun tó yẹ kí kóòṣì ṣe. Kò sì béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí Maren máa lọ sọ́dọ̀ Corinne, Delaney fún un ní oògùn ìrora nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ.

"Gbé e mì kó o tó wọlé. Corinne máa ní kó o fi ẹsẹ̀ kan fò. Èyí tó ń dùn ọ́ ló máa ní kó o fi fò."

"Tí mi ò bá lè fò ńkọ́?"

"Wàá fò. Ina fò fún un, ojúgun ẹ̀ sì ti wú bí búrẹ́dì."

Yàrá Corinne wà lókè ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ní tábìlì gíga kan, àtẹ̀gùn onígi kékeré tí wọ́n fi ń ṣe ìdárayá, àti àwọn okùn rọ́bà oríṣiríṣi tó so kọ́ ara ògiri. Maren gorí tábìlì. Corinne fa àga, ó jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n sì ń wo ojú ara wọn.

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Òsì."

"Ẹsẹ̀ òsì gùn. Ibo nínú ẹ̀?"

Ọwọ́ Maren bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ibi tó ń dùn ún. Ṣùgbọ́n Corinne, tí kì í fẹ́ dọ́gbọ́n mú ọmọ ọlọ́mọ, na ọwọ́ dá a dúró.

"Kó o tó dáhùn, gbọ́ ohun tí mò ń bi ọ́. Tó bá jẹ́ iwájú itan, iṣan ni. A máa tún un ṣe, wàá sì máa sáré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tó bá jẹ́ inú lọ́hùn-ún, níbi tí itan ti pàdé ikùn, mi ò ní tọ́jú ẹ̀. Lónìí yìí ni mo máa ní kí wọ́n lọ ya àwòrán eegun ẹ, wàá sì máa fi ọ̀pá abíyá rìn títí a ó fi mọ nǹkan tó jẹ́. Eegun ibẹ̀ burú. Tó bá là, ó ṣeé wò. Tó bá kán, ó ṣòro. Ìdí tí mo fi ń béèrè nìyẹn. Ibo ni?"

Òtítọ́ ni Corinne sọ, ṣùgbọ́n òtítọ́ náà ló júwe ọ̀nà fún irọ́. Kí Corinne tó sọ ọ́, Maren ò mọ ibi tó yẹ kó fọwọ́ sí tí wọ́n á fi jẹ́ kó sáré. Ó ti wá mọ̀ báyìí. Ọwọ́ rẹ̀ yà, ó bà lé iwájú itan.

"Ibí ni."

"Inú lọ́hùn-ún ńkọ́?"

"Rárá."

"Mélòó?"

"Mẹ́ta."

Corinne wò ó títí. "Gbogbo yín lẹ ń sọ mẹ́ta lọ́dún yìí."

"Bóyá a lágbára ni."

"Bóyá," Corinne wí. "Sọ̀kalẹ̀. Fi ẹsẹ̀ òsì fò."

Maren fò. Oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Ó di eyín pọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fò lẹ́ẹ̀kan, ó tún fò. Corinne ní kó dùbúlẹ̀, ó ká orúnkún rẹ̀ sókè, ó sì rọra yí itan rẹ̀ sínú. Ibi tí ìrora wà nìyẹn gan-an, oògùn ò sì lè bò ó tán. Maren bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

"Kí ló dé?"

"Ọ̀fun mi ló ń yún mi."

"Ṣé ò ń jẹun dáadáa? Nǹkan oṣù ẹ ńkọ́, ṣé ó ń wá?"

"Ó ń wá."

Corinne ò ní ohun mìíràn tó lè béèrè. Ó kọ́ ọ ní ìdárayá iwájú itan: kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kó so okùn rọ́bà mọ́ orúnkún, kó máa ṣí orúnkún òkè bí ẹni ń ṣí ìwé, kó dojú sókè, kó máa gbé ìdí kúrò nílẹ̀, kó dúró lórí àtẹ̀gùn, kó máa rọra sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀ láìkánjú. Ó ní kó dín eré kù, kó máa gun kẹ̀kẹ́ ní àwọn ọjọ́ tó kù. Lẹ́nu ọ̀nà, ó tún ní, "Tó bá di mẹ́rin, pè mí. Tí mo bá ń jẹun, pè mí."

"Ẹ ṣé, Corinne," Maren wí, ó sì ń lọ.

Ohun tó dunni nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ó ṣe gbogbo ìdárayá náà. Kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Ó ń ṣe é nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá rẹ̀ láàárọ̀ kó tó lọ sílé ẹ̀kọ́, ó sì ń ṣe é bó bá dé. Ìtọ́jú tó dáa ni, fún àìsàn tí kò ní.

Ìyá rẹ̀, Lorna, ń se oúnjẹ ní ilé àwọn arúgbó. Ó dé lọ́jọ́ kan, ó bá Maren tó ń gun àtẹ̀gùn ilé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń kọ́kọ́ gbé sórí gbogbo àtẹ̀gùn, á wá fa èyí tó kù tẹ̀ lé e, bí àwọn arúgbó tí Lorna ń bọ́ ṣe máa ń ṣe.

"Maren, kí ló ń ṣe ẹsẹ̀ ẹ?"

"Mẹ́ta ni, Mọ́mì."

"Mẹ́ta kí ni?"

"Nọ́ńbà Corinne ni. Corinne ní mẹ́ta ò burú."

Lorna dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, àpò rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Corinne ló wo èjìká Lorna sàn nígbà tí kò lè gbé ìkòkò mọ́. Kò sẹ́ni tó gbẹ́kẹ̀ lé tó Corinne.

"Ó dáa," ó wí. "Tó bá jẹ́ Corinne ló sọ bẹ́ẹ̀. Wá jẹun."

"Mo ti jẹun."

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Maren ò tiẹ̀ dákẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà ni kò jẹ́ nǹkan kan.

Ìdíje àgbègbè bọ́ sí ọjọ́ Sátidé kan tí yìnyín àkọ́kọ́ ń bọ́ pẹ̀lú òjò. Pápá gọ́ọ̀fù ni wọ́n ti sá a, ní ìlú tó tóbi ju Salo lọ. Ilẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ méjì péré ló máa lọ sí ìdíje ìpínlẹ̀. Àwọn ará Salo kó ọkọ̀ wọn wá, wọ́n dúró létí okùn pẹ̀lú kọfí lọ́wọ́. Corinne ò lè wá. Ó ń tọ́jú ẹnìkan tó já bọ́ láti orí òrùlé.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àwọn márààrún di ọwọ́ ara wọn mú.

"Mélòó ni?" Delaney bi wọ́n.

"Mẹ́ta," gbogbo wọn dáhùn.

Maren sáré dáadáa. Ẹni tó wà níbẹ̀ á sọ fún ọ pé kò tíì sáré bẹ́ẹ̀ rí. Ó ti gbé oògùn mì, ó ju iye tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀ lọ. Ó kọjá ọmọ kan, ó kọjá òmíràn. Nígbà tó yọ lókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìkẹyìn, Delaney ti dé òpin, àwọn mẹ́ta yòókù ti dé, Kóòṣì Pelto sì ti ń fi ìka ṣírò. Tí Maren bá dé pẹ̀lú àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Salo wọlé nìyẹn. Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n. Ariwo ta.

Àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ni ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti kọ̀ fún un. Àwọn tó wà nítòsí gbọ́ ìró, bí ìgbà tí ẹ̀ka gbígbẹ bá ṣẹ́. Àwọn tó jìnnà rò pé ó yọ̀ nínú ẹrẹ̀ ni. Àwọn sárésáré tó kù ń kọjá lára rẹ̀.

"Dìde," wọ́n ń pariwo. "Maren, dìde. Ó kù díẹ̀."

Lorna wà níwájú, lẹ́bàá okùn. Ó gbà pé mẹ́ta ni. Òun náà pariwo. "Dìde, ọmọ mi. Dìde."

Maren gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, ó gbé ara rẹ̀ lé ẹsẹ̀ náà. Apá méjèèjì eegun tó ti kán yẹ̀ kúrò lára ara wọn. Ó ké, kò sì gbìyànjú láti dìde mọ́. Nígbà náà ni Lorna gba abẹ́ okùn kọjá, tó ń sáré.

Ọ̀kan nínú àwọn tó gbé ọkọ̀ ìlera wá kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan ni, ohùn rẹ̀ tutù.

"Ọmọ, láti òdo sí mẹ́wàá, mélòó ni ìrora ẹ?"

"Mẹ́ta," Maren wí. Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀, tó ti kúrú tí ìka rẹ̀ sì ti kọjú síta pátápátá. Ó wo Lorna. "Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn?" ó béèrè.

Salo ò wọlé. Ẹni mẹ́rin ló dé òpin, wọn ò sì ka ilé ẹ̀kọ́ náà mọ́ àwọn tó díje. Ìyẹn náà jẹ́ nǹkan kan: ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ purọ́, wọn ò rí i.

Wọ́n gbé Maren lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n la ìbàdí rẹ̀, wọ́n fi ìdè irin de eegun náà. Dókítà tó ṣe é bá Lorna sọ̀rọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní ọrùn eegun itan ló kán. Ó ní ó ti kọ́kọ́ là fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó tó kán. Ká ní wọ́n mú un wá nígbà tó là, ọ̀pá abíyá àti ìsinmi ni ìbá wò ó sàn, á sì sáré lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ orí eegun náà ń gba ibi tó kán kọjá, òun ò sì mọ̀ bóyá ó ṣì ń kọjá.

"Mo ní kó dìde," Lorna wí.

"Ẹ ò mọ̀."

"Mo ní kó dìde, ó sì dìde."

Corinne wá ní ọjọ́ kejì. Ó wọlé tòun ti bàtà yìnyín lẹ́sẹ̀, ó fa àga, ó jókòó síwájú Maren bó ṣe máa ń jókòó.

"Ibo ló ń dùn ọ́ lọ́jọ́ yẹn?" ó béèrè.

Maren fi ìka hàn án, níbi tí itan ti pàdé ikùn.

"Mélòó?"

"Mẹ́jọ. Nígbà míì mẹ́sàn-án."

Corinne mi orí. Kò bínú. Àárẹ̀ ló hàn lójú rẹ̀. "Mo rí i nígbà tó o wúkọ́," ó wí. "Mo rò ó lọ́nà, nígbà tí mò ń wa ọkọ̀ lọ sílé. Mo ní bóyá ọ̀fun ni lóòótọ́. O ti dá mi lóhùn, mo sì gbà ọ́ gbọ́."

"Ẹ má bínú."

"Èmi ni mo kọ́ yín ní nọ́ńbà yẹn, Maren. Kẹ́ ẹ lè fi sọ òtítọ́ fún mi ni mo ṣe kọ́ yín."

Maren sunkún nígbà náà. Corinne jẹ́ kó sunkún. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ra àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, èyí tí wọn ò dì, torí kò mọ nǹkan mìíràn tó lè ṣe.

Delaney náà wá, lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró lẹ́sẹ̀ ibùsùn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ó ní, "Mi ò mọ̀ pé ó tó bẹ́ẹ̀." Maren ní, "O mọ̀." Delaney ní bọ́ọ̀sì òun máa lọ. Nígbà tí ìgbà ooru dé, ó lọ sí yunifásítì ní ìlú mìíràn, kò sì kọ̀wé.

Kóòṣì Pelto fi iṣẹ́ eré sílẹ̀ ní ìparí ọdún náà. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà nìkan ló ń kọ́ni báyìí. Corinne ṣì wà lókè ilé ìfìwéránṣẹ́. Kì í gba nọ́ńbà lẹ́nu àwọn ọmọ mọ́ láìya àwòrán, bó ti wù kó kéré tó. Àwọn òbí ń ráhùn pé ó ti le jù.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ń sáré, tẹ́ ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù, tẹ́ ẹ ń gbé ẹrù ju ọjọ́ orí yín lọ, ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tó ń tọ́jú yín kò lè wo ohun tẹ́ ẹ fi pamọ́ fún un sàn. Ọ̀rẹ́ tó ní kẹ́ ẹ rìn lẹ́yìn òun kí wọ́n má bàa rí yín, òun kọ́ ló máa dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn. Ara kì í gbọ́ àwàdà. Ẹ sọ ibi tó ń dùn yín, ẹ sọ bó ṣe ń dùn yín tó, kódà bí ẹgbẹ́ ò bá ní pé.

Maren fi ọ̀pá abíyá rìn ní gbogbo ìgbà òtútù, ó sì fi ọ̀pá kan rìn nígbà tí yìnyín yọ́. Corinne ń wá sílé láti ṣe ìdárayá fún un, ó sì ń gbìyànjú, ó ń jẹun, nǹkan oṣù rẹ̀ padà. Fún ìgbà díẹ̀, ó jọ pé yóò dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dé orí eegun náà mọ́, eegun náà sì kú nínú ara rẹ̀, ó ń wó díẹ̀díẹ̀, títí tí kò fi lè jókòó pẹ́, tí kò lè dìde pẹ́. Nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún, wọ́n gé orí eegun náà kúrò, wọ́n sì fi irin rọ́pò rẹ̀. Àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ abẹ yẹn fún lọ́jọ́ náà, tí wọ́n jọ jókòó, kò sí ẹni tí kò dàgbà tó ìyá ìyá rẹ̀ nínú wọn.

Dókítà ní irin náà kò ní pẹ́ tó ẹ̀mí rẹ̀, wọ́n máa ní láti pààrọ̀ rẹ̀, bóyá lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kó máa rìn. Ó ní kó máa lúwẹ̀ẹ́, kó máa gun kẹ̀kẹ́. Maren béèrè nípa eré sísá, bó tilẹ̀ jẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ lórí koríko.

Dókítà ní rárá.